Bí A Ṣe Ń Tajà ní Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Orúkọ Ẹgbẹ́ Kò Fi Ní Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ títa ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún

A kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn gba àkókò oúnjẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán wa la fẹ́ jẹ́.

Ẹ ní kí a wá ṣàlàyé bí a ṣe ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè ẹgbẹ́ yìí ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì sọ ohun tó fà á tí a fi ń dá aṣọ àwọn kan padà. A mọ̀ pé inú àwọn kan kò dùn sí wa. A ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nísọ̀. Nítorí náà a kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ lónìí.

Gbàǹjo kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọjà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé, ọkọ̀ ìjọba tó ti gbó, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n máa ń lù wọ́n ní gbàǹjo, ẹni tó bá pe owó tó ga jù ló ń gbé e lọ. Ohun tó ń jẹ́ eBay náà nìyẹn, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ná an. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre Omidyar ló dá a sílẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995. AuctionWeb ló ń jẹ́ nígbà náà, ọdún 1997 ló di eBay. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan, irú èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sí nǹkan lára ògiri, ó sì ti bàjẹ́. Dọ́là 14.83 ni ẹnì kan rà á. Ó ya Omidyar lẹ́nu, ó kọ̀wé sí ẹni náà, ó bi í bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni náà ní òun mọ̀, pé irú èyí tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A kò jẹ́ bá àgbà jiyàn o. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa ti rí nínú ọjà yìí ni pé èké lè tà lẹ́ẹ̀kan, kì í tà lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ìsọ̀ wa, oníbàárà á fọwọ́ pa aṣọ, á gbé e sójú oòrùn, á gbóòórùn aró, á fa òwú rẹ̀ wò. Bí ó bá délé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mọ ìsọ̀ wa, á padà wá bá wa jà lọ́la. Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ wa láti Glasgow kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Fọ́tò wa ló fi ń wò ó, ọ̀rọ̀ tí a kọ ló fi ń fọwọ́ pa á. Bí méjèèjì bá purọ́ fún un, kò sí ohun mìíràn tó lè gbára lé.

Ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1970. Ọjà ọkọ̀ àlòkù ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bí òǹrajà kò bá lè mọ ọkọ̀ tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́, owó táńtẹ́ ni yóò máa pe gbogbo wọn, ẹni tó ní ọkọ̀ tó dára yóò bínú gbé tirẹ̀ kúrò lọ́jà, èyí tó bàjẹ́ nìkan ni yóò kù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001, òun àti àwọn méjì mìíràn. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ládùúgbò wa ìbá ti sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí eBay ṣe sí i ni pé láti ọdún 1996, wọ́n fàyè sílẹ̀ kí ẹni tó bá rajà lè jẹ́rìí sí ẹni tó tà á. Ẹ̀rí tó dára jẹ́ oókan, èyí tí kò dára tí kò burú kò ka nǹkan, èyí tó burú ń yọ oókan kúrò. Bí ẹ̀rí bá pé 10, wọn á fi ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín. Bí ó bá pé 50, ìràwọ̀ náà á di búlúù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí àwọ̀ padà bí ó ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, iye nínú 100 tó yìn yín. Gbogbo ayé ló ń rí i kí wọ́n tó rí aṣọ. Tẹ́lẹ̀, òǹtajà náà lè kọ ẹ̀rí burúkú nípa òǹrajà, ni àwọn òǹtajà kan bá sọ ọ́ di ohun ìjà: bí o bá bú mi, èmi náà á bú ọ. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fòpin sí i. Láti ìgbà náà, ẹ̀rí rere nìkan ni òǹtajà lè kọ nípa ẹni tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí pàṣán lọ́wọ́ wa mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ṣé orúkọ yìí ń mówó wá lóòótọ́? Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n kó káàdì alálàwòrán àtijọ́ jọ, àwọn tó jọra wọn. Ẹnì kan náà ló tà wọ́n lórí eBay, àmọ́ ó fi apá kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ tí ẹ̀rí rere kún inú rẹ̀, ó fi apá kejì sábẹ́ orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn òǹrajà ṣe tán láti san nǹkan bíi 8% lé owó ọjà náà fún orúkọ àtijọ́ yẹn. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Lórí aṣọ tí a tà ní 50 pọ́n-ùn, pọ́n-ùn mẹ́rin ni orúkọ nìkan mú wá, láìfi òwú kan kún aṣọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara wa, torí ẹnu ń kun wá lórí rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọmọ wa kan tó ń gbé ní London ló ṣí àkáǹtì náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ń kó aṣọ lọ bí ẹnì kan bá ń rìnrìn àjò. A ta aṣọ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ dára. Èkarùn-ún ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan. A ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ tapólì búlúù tí a ta sórí ìsọ̀, ni aró rẹ̀ bá dúdú mìnìjọ̀ nínú fọ́tò ju bí ó ṣe rí lọ. Ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju pé àdìrẹ tó dára jù lọ ni, ojúlówó, kò sí irú rẹ̀ lágbàáyé. Ìyáàfin kan rà á. Ó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú aṣọ ibùsùn funfun. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa níbí la mọ̀ pé aró tuntun máa ń ṣí nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ta ló sọ fún un? Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ aṣọ kò jọ ti fọ́tò, pé ó ti ba aṣọ òun jẹ́. Ẹni márùn-ún péré ló ti jẹ́rìí sí wa nígbà náà, ẹnì kan nínú márùn-ún sì ni. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti 100 nínú 100 a di 80.

Ọ̀kan nínú wa ti kọ èsì tó gbóná pa mọ́ sínú fóònù, ó ní kí ìyáàfin náà lọ ra ìnujú tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ àdìrẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wa ní London tí kò jẹ́ kó jáde. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. A dá gbogbo owó rẹ̀ padà, a bẹ̀ ẹ́, a sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á pé àwa la kò ṣàlàyé, pé a ti tún ìkéde wa ṣe. Àpò ẹgbẹ́ ni owó náà ti jáde. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fowó lé aṣọ wa.

Láti ìgbà yẹn la ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìkéde. Àkọlé ló ṣáájú. Lẹ́tà 80 péré ni eBay fàyè gbà fún un, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi kankan ṣòfò sórí ẹ wá wò ó, ẹ wá rà á. Kò sí ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń wá ọ̀rọ̀ náà "beautiful". Ohun tó ń wá ló ń tẹ̀, èdè rẹ̀ ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, báyìí la ń kọ ọ́: "Adire Eleko Indigo Cloth Hand Painted Cotton Yoruba Nigeria 5 Yards". Lẹ́tà rẹ̀ kò pé 70. Ẹni tó mọ àdìrẹ á rí i, ẹni tí kò mọ̀ ju aró lọ á rí i, ẹni tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Brazil tàbí London tó ń wá nǹkan ilé baba rẹ̀ náà á rí i.

Fọ́tò ńkọ́? Ìta gbangba la ti ń yà á báyìí, ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kò sí tapólì, kò sí agboòrùn. eBay gba fọ́tò tó tó 24 fún ọjà kan, àwa kì í lò ju mẹ́jọ lọ: gbogbo aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀, etí rẹ̀, ibi tí ìyẹ́ adìẹ ti fa ẹ̀kọ, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, àti ibi tó bá lábàwọ́n. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ẹnu ń kun wá lé lórí jù. Àwọn ìyá kan ní ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí àbùkù ọjà rẹ̀. Àwa ni o. Bí aró kò bá mu dáadáa ní igun kan, a ó ya igun náà, a ó sì kọ ọ́. Ẹni tó bá rí i tó sì rà á kò ní lè fi ṣẹjọ́. Bí òǹrajà bá sì sọ pé aṣọ kò bá àpèjúwe mu, òfin eBay ni pé yóò dá a padà, àwa la ó san owó ìfìránṣẹ́ rẹ̀, kódà bí a bá kọ ọ́ gàdàgbà pé a kì í gba ọjà tí a ti tà padà. Owó tí a fi ń dá aṣọ kan padà láti Amẹ́ríkà lè ju èrè aṣọ mẹ́ta lọ.

Nínú àpèjúwe, ẹ wọn aṣọ, ẹ má fojú bù ú. Ẹni tó wà ní Jámánì kò mọ ọ̀pá, mítà ló mọ̀. Ọ̀pá márùn-ún jẹ́ mítà 4.57, a máa ń kọ méjèèjì. Ẹ sọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́: omi tútù, lọ́tọ̀, ní òjìji ni kí ó sá a sí. Ẹ sì sọ orúkọ àrà tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń ra Ìbàdàn dùn ní Chicago kò mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó ló ń wò lára aṣọ yẹn. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé padà, tí wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè, tí àwọn kan sì ń ra èkejì.

Ní ti owó, nínú ọjà tiwa oníbàárà ló ń fà á wálẹ̀. Níbí, àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ń gbé e sókè. Olúkúlùkù á sọ iye tó ga jù tí òun lè san fún kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn kò ní rí i, kọ̀ǹpútà á sì máa bá a fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀. Èyí tó wù yín lẹ lè mú nínú ọjọ́ kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje tàbí mẹ́wàá. Ọjọ́ méje la sábà ń mú, kí ó parí ní alẹ́ ọjọ́ Sunday tí wọ́n wà nílé. Ẹ má jáyà bí ọjọ́ kẹfà bá dé tí owó kò gbéra, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń yọjú.

Ṣùgbọ́n iye tí ẹ kò bá lè fara dà, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé àdìrẹ ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, aṣọ tí ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. A ti gbọ́ pé owó kékeré ló ń fa èrò, ni a bá fi pọ́n-ùn márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fowó lé e, pọ́n-ùn márùn-ún náà ló sì gbé e lọ. Àwọn kan ní kí a sọ pé aṣọ ti sọnù. A kò sọ bẹ́ẹ̀. A fi aṣọ ránṣẹ́. Ẹni tó ni aṣọ kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì tọ́ sí i láti bínú, torí àwa la gbà á nímọ̀ràn. Títí di òní ó ń dùn wá. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé aṣọ àtijọ́ tí kò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì nìkan la ń lù ní gbàǹjo, iye tí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tuntun tí a lè ṣe òmíràn irú rẹ̀, iye kan pàtó la ń fi lé e, kí ẹni tó bá fẹ́ san án kó gbé e.

Àwọn kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí àwọn ọmọ wa ní London máa fowó lé aṣọ wa kí ó lè gbówó lórí, tàbí kí wọ́n máa rà á lẹ́nu kí wọ́n sì kọ ẹ̀rí rere. A mọ̀ pé ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. eBay kọ̀ ọ́, òfin ìlú ọba náà sì kọ̀ ọ́. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kan ní Bradford dájọ́ fún ọkùnrin kan tó ń lo orúkọ mìíràn fowó lé ọjà ara rẹ̀ lórí eBay: wákàtí 250 ló fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú, ó sì san ìtanràn 5,000 pọ́n-ùn. Orúkọ ọmọ wa ló wà lórí àkáǹtì yẹn. Ṣé àwa la ó tì í síwájú adájọ́ nítorí àdìrẹ? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Aṣọ kéékèèké la fi tún orúkọ wa ṣe, gèlè, ìborùn, àpò àdìrẹ tí kò wọ́n, a ń fi wọ́n ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá sanwó, a ń dáhùn ìbéèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìràwọ̀ ìyeyè yẹn dé, lẹ́yìn náà ó di búlúù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ tí a ń dá padà. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹnikẹ́ni. Àwọn kan kó aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun wá, wọ́n ní kí a kọ ọ́ pé àdìrẹ tí a fọwọ́ ṣe ni. Ẹnì kan gbé aṣọ òkè wá, òwú ilé iṣẹ́ ni, ó ní kí a pè é ní sányán, a sì mọ̀ pé sányán tòótọ́, òwú kòkòrò inú igbó ni. A kò ní kí ẹ má tà wọ́n. Aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní olówó tirẹ̀, òwú ilé iṣẹ́ náà ń dán, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀, kí a dá iye tó tọ́ sí i lé e, a ó bá yín tà á. Àkáǹtì kan ṣoṣo la ní. Bí aṣọ ẹnì kan bá já òǹrajà kulẹ̀, ìràwọ̀ gbogbo wa ló ń já bọ́, tó fi dé orí ìyá arúgbó tó jókòó sídìí ìkòkò aró tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ eBay rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ṣe ojúsàájú nígbà tí a dá aṣọ rẹ̀ padà, kí ó sọ ọ́ ní ìpàdé, a ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ lójú gbogbo wa, kí àwọn ìyá tó mọ aró àti òwú ju àwa lọ dájọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù la ń ya fọ́tò, ní ẹ̀yìn ilé ẹgbẹ́. Kí ẹ ti dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ lọ aṣọ yín kí ó gún, ẹ má sì fi lọ́fínńdà sí i. Kí ẹ mú ìwé pélébé kan dání tí ẹ kọ gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, ẹni tó ṣe é àti àbùkù rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti bá a kọ ọ́.